Ẹ Tọ́ Ọ Wò Ná: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíà Ilé Ìpọntí Kéékèèké

Níwájú àwọn ọmọ Yorùbá kan ní gúúsù London ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mo ti tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà, mo sì fi díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú òtútù yìí náà. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo àwọn ìgò orí tábìlì yìí, wọ́n ń fọkàn ṣírò iye tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó máa kárí, àmọ́ kò ní pọ̀. Ife kékeré tí ẹ ń wò yẹn, milílítà 80 péré ni a máa bù sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí, ì báà jẹ́ nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí oògùn tí dókítà kọ fún yín, omi wà, omi ọsàn wà. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan lé e. Ẹ sì lè fi imú bá wa ṣe é, torí imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo fi ń najú. Bíà ni mo fi ń najú. Mo máa ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń tọ́ ọ wò, mo sì máa ń kọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn gbọ́, ó ní, "Háà, ọ̀mùtí tó mọ̀wé!" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mutí àti ẹni tó ń tọ́ ọtí wò, ọ̀nà wọn pín. Ẹni tó ń mu ún ń retí ohun tí ọtí máa ṣe fún òun. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò ń wá ohun tí wọ́n ṣe sí ọtí náà. Ìdí nìyẹn tí ìgò kan fi lè tó èèyàn mẹ́rin, tí ìgò á gbẹ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní tíì tán.

Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ, àlàyé ni gbogbo ìyókù: ẹ sọ ohun tó wà nínú ife kí ẹ tó sọ bóyá ó dùn mọ́ yín. Létí, ó rọrùn. Ẹ wá bi ọ̀rẹ́ yín pé báwo ni bíà ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Á ní, "Ó dáa," tàbí "Kò dáa," tàbí "Ó le." Ìdájọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ tún bi í pé kí ló rí tó fi dájọ́, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí a ṣe débi tí a dé. Ìgbà kan wà tí bíà ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ di oríṣi kan náà. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ra àwọn kékeré, wọ́n sì ń pọn ọtí tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, tí kò sì lè wú ẹnikẹ́ni lórí. Ní 1971, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gba ìsinmi ní Ireland. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí CAMRA sílẹ̀, láti jà fún bíà inú àgbá, èyí tí ìwúkàrà ṣì máa ń wà láàyè nínú rẹ̀ títí tó fi dé ife. Ní Amẹ́ríkà, Fritz Maytag ti ra Anchor ní 1965, ilé ìpọntí kan ní San Francisco tó kù díẹ̀ kó kógbá sílé. Títí di 1978, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí èèyàn pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀. Ọdún yẹn ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó yí i padà. Àwọn tó ń pọntí nínú kíṣìnì wọn wá di oníléeṣẹ́. Ken Grossman, tóun náà ti ń pọn ọ́n nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí fún ọjà ní Sierra Nevada, ní ìlú Chico ní California, ní 1980, ó sì fi irú hops kan, òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà, tí wọ́n ń pè ní Cascade sínú rẹ̀. Òórùn ọsàn gba inú ife kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rárá pé bíà lè ní irú òórùn bẹ́ẹ̀.

Níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí Bermondsey mọ ohun tí mò ń wí. Lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, ilé ìpọntí ni lọ́tùn-ún, ilé ìpọntí ni lósì. The Kernel ló ṣáájú wọn débẹ̀, ní 2009. Ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Evin O'Riordain ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ títa wàràkàṣì ló sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé ahọ́n tó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín wàràkàṣì kan àti òmíràn ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ bíà.

Ẹni tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa bíà ni Michael Jackson. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe olórin yẹn. Oníròyìn ni, ọmọ Leeds, wọ́n bí i ní 1942, ó sì kú ní 2007. Ìwé tó gbé jáde ní 1977 ló to bíà àgbáyé ní oríṣi oríṣi, tó sọ ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá àti ohun tó fà á tó fi rí bó ṣe rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníwèé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fún bíà ní ààyè tí wọ́n máa ń fún wáìnì.

Ó yá, kí ló wà nínú rẹ̀? Omi, ọkà, hops, ìwúkàrà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe á mọ ibi tí òun máa wá nǹkan sí. Ọkà báálì ni wọ́n máa ń rẹ sómi títí á fi hù, kí wọ́n tó gbẹ ẹ. Kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àgbàdo tí wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọn bùrùkùtù àti pitò. Bí ọkà bá ń hù, èròjà kan máa ń jí nínú rẹ̀ tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Tí iná tí wọ́n fi gbẹ ẹ bá kéré, bíà á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á sì ní òórùn búrẹ́dì. Tí iná bá pọ̀, kọfí àti ṣokoléètì ló máa jáde. Hops jẹ́ òdòdó ewéko kan tó ń lọ́ mọ́ okùn. Òun ló ń mú ìkorò wá, òun náà ló sì ni òórùn ọsàn, òórùn koríko tútù àti ti òdòdó. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì tó ń hó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹ mu bíà àlìkámà tí wọ́n ń pọn ní Bavaria, ẹ máa gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù síbẹ̀. Ìwúkàrà ló ṣe méjèèjì.

Omi náà kò kẹ̀rẹ̀. Omi Plzeň, ní ilẹ̀ Czech, kò ní iyọ̀ inú ilẹ̀ púpọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí bíà tí Josef Groll pọn níbẹ̀ ní 1842 mọ́ gaara, kí ìkorò rẹ̀ má gúnni lọ́fun. Baba ńlá Star àti Gulder nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ife. Kò gbọdọ̀ ní òróró kankan lára. Bí ẹ bá rí i tí gáàsì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife ní wóróworó, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Ẹ má bù ú kún. Ìdajì tó, kí òórùn lè rí àyè kó jọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe mọ́ tàbí bó ṣe ṣú, ìfófò orí rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó kó tó rọ̀. Ẹ wá yára gbóòórùn rẹ̀, torí èyí tó fúyẹ́ jù máa ń sá lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu ife, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún gbóòórùn. Ẹ̀yìn èyí ni ẹnu tó kàn. Ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká, ẹ gbé e mì, ẹ wá fi imú mí síta. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń tu ú dànù. Àwọn adájọ́ bíà máa ń gbé e mì, torí ìkorò hops ní ohun tó ń sọ lẹ́yìn tí bíà bá ti kọjá ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ yìnyín ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn èèyàn mi. Mo mọ̀ pé oòrùn ilé le, mo mọ̀ pé èyí tó tutù nini ló ń wu ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bíà bá tutù jù, ahọ́n á kú, imú ò ní rí nǹkan kan gbọ́. Lágà, irú bíi Star àti Gulder, lè wà láàárín ìwọ̀n 4 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Sítáòtù, ọtí dúdú bíi Guinness, ń fẹ́ ìwọ̀n 10 sí 13. Ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì ṣáájú, kí ẹ lọ jókòó dè é. Ẹ tún máa tọ́ ọ wò bó ṣe ń lọ́wọ́ọ́rọ́, nítorí bíà tó dára máa ń ní nǹkan míì láti sọ, èyí tí wọ́n fi òtútù bo àṣìṣe rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ máa ń tú.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lo ohun tí ẹ ti jẹ rí. Àwọn ará ibí máa ń kọ gooseberry. Mi ò jẹ gooseberry rí kí n tó dé ìlú yìí, ṣé kí n wá máa purọ́ ni? Àgbálùmọ̀ ni mo kọ. Àwìn ni mo kọ. Mo ti kọ ẹ̀pà sísun, mo ti kọ ọsàn wẹ́wẹ́. Ìlú kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Bamberg. Èéfín igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà bíà Schlenkerla níbẹ̀. Gbogbo òyìnbó tó bá tọ́ ọ wò á ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ni. Ẹja yíyan ni sí imú tèmi, ẹja àrọ̀ gan-an, n kò sì rí ẹni láti ilé tó tọ́ ọ wò tó bá mi jiyàn. Sítáòtù tó ti pẹ́ púpọ̀ nínú ìgò, tí ìwúkàrà ti kú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, máa ń ní òórùn kan tó sún mọ́ irú. Díẹ̀ dára. Tó bá pọ̀, kó padà sínú ọbẹ̀.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí àléébù, torí ibẹ̀ ni imú ti ń tètè kẹ́kọ̀ọ́. Àléébù kọ̀ọ̀kan ló ní ìdí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bọ́tà nínú bíà, diacetyl nìyẹn: ìwúkàrà ló máa ń ṣe é, òun náà ló sì máa ń gbà á padà tí wọ́n bá fún un láyè. Nítorí náà, ẹni tó pọn ọ́n ti kánjú, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀pá tó gbé bíà wá láti inú àgbá ní ilé ọtí ti dọ̀tí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn omi àgbàdo sísè, èròjà kan tó ní sọ́fọ̀ (sulphur) nínú ni, láti inú ọkà. Wọn ò hó o tó, tàbí wọ́n dé ìkòkò náà mọ́ ọn. Òórùn ápù tí kò pọ́n: bíà náà ò tíì gbó, wọ́n ti kó o lọ sọ́jà. Òórùn páálí tí omi mú: ó ti gbó jù, tàbí ooru ti bá a níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ sì ti ráyè wọ inú rẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti oòrùn. Èròjà tó ń korò nínú hops kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ó máa ń di nǹkan tó ń rùn bí igbó tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lójú oòrùn. Ìgò pupa dúdú máa ń dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà dé ìwọ̀n tó pọ̀, ti aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ dí i, èyí tó funfun gbòò kò dí nǹkan kan. Agolo ló dára jù nínú gbogbo wọn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé bíà agolo rẹlẹ̀. Ẹ wá rántí àwọn kréètì tí wọ́n ń tò sójú oòrùn níwájú ilé ọtí nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ òórùn yìí dáadáa, tá a rò pé bí bíà ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ànfààní tó wà nínú mímọ èyí ni pé ẹjọ́ yín á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ilé ọtí kan tí mo máa ń lọ, mo sọ fún ọmọdékùnrin tó ń bu ọtí pé bọ́tà ń rùn nínú bíà tó gbé fún mi, pé kó jọ̀ọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ìgbà tí wọ́n fọ ọ̀pá yẹn kẹ́yìn. Ọ̀gá náà wá, ó tọ́ ọ wò, kò sọ̀rọ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ká ní "kò dáa" ni mo sọ, á ní bóyá mi ò mọ bíà ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tí gbogbo yín ń retí. Ìjà tí mo máa ń gbọ́ jù ní Peckham, yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù, ni pé Guinness ti Nàìjíríà àti ti òyìnbó, èwo ni ojúlówó?

Ní 1759 ni Arthur Guinness gba ilẹ̀ St. James's Gate ní Dublin, ó gbà á fún ọdún 9,000, pọ́n-ùn 45 lọ́dún. Kì í ṣe ọtí dúdú ló kọ́kọ́ ń pọn. Ọtí dúdú jẹ́ ti London. Àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù ní ìlú yìí ló fẹ́ràn rẹ̀ tó fi ń jẹ́ porter, èyí tó le nínú rẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní stout. Nígbà tó fi máa di 1799, Guinness ti fi gbogbo ọtí mìíràn sílẹ̀ fún un. Ní 1801, wọ́n pọn èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí erékùṣù West Indies, wọ́n fi hops kún un, wọ́n jẹ́ kó le sí i kó má bàa bàjẹ́ lójú òkun. Irú ọtí yẹn ló dé Sierra Leone ní 1827, òun náà ló bí Foreign Extra Stout tí a mọ̀. Ní 1962 wọ́n kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà, àkọ́kọ́ wọn ní Áfíríkà. Ní 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọ̀lú, gbogbo apọntí sì ní láti kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo.

Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Ọkà báálì ní èèpo tó ń bá wọn sẹ́ ọtí. Ọkà bàbà tí wọ́n pa kò ní in. Ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó pọ̀ ju ti báálì lọ kí sítáàṣì rẹ̀ tó rọ̀, èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n rà á láti ibòmíràn fi kún un. Àwọn onímọ̀ ìpọntí ilẹ̀ wa jókòó ti iṣẹ́ yìí, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Nígbà tí òfin náà kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọn ò fi ọkà bàbà sílẹ̀. Láti Dublin ni omi ọkà dúdú kíki kan ti ń wá, tí wọ́n ń pò mọ́ èyí tí wọ́n pọn nílé.

Nítorí náà, ìgò méjì tó wà níwájú yín yìí, ọ̀kan láti Dublin, ọ̀kan láti Nàìjíríà tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ilẹ̀ wa, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára ọtí àwọn méjèèjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá ní ti òyìnbó kò le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń bù láti inú ẹ̀rọ ní ilé ọtí ló ń rò, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 4 lọ, tí wọ́n fi gáàsì náítírójìn sọ ìfófò rẹ̀ di bíi wàrà. Ọtí ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìlú ló yà wọ́n, bí wọ́n ṣe pọn ọ́n ló yà wọ́n. Ẹ fi ìgò wé ìgò.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nípa wọn nìyí. Ti Dublin: ó gbẹ lẹ́nu, ọkà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, kọfí tí kò ní ṣúgà, ìparí rẹ̀ kúrú. Ti Nàìjíríà: ó wúwo, adùn ṣúgà tó jóná ló kọ́kọ́ dé, ìkorò wá gun ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò tètè lọ, ọtí rẹ̀ sì ń gbóná láyà. Nínú ìkọ̀wé mi, kò sí ojúlówó, kò sí ayédèrú. Bí ẹ bá bi mí nípa èyí tí mo fẹ́ràn, ti Nàìjíríà ni, pàápàá pẹ̀lú súyà. Àmọ́ ẹ rí i pé ìlà tó kẹ́yìn ni mo kọ ìyẹn sí.

Bí ẹ bá rò pé ẹ̀ ń fi ìfẹ́ ilé dájọ́, ẹ dán èyí wò. Ẹ ní kí ẹnì kan bu ife mẹ́ta síwájú yín, méjì láti ìgò kan náà, ẹ̀kẹta láti ìgò kejì, kí ẹ má mọ èwo ni èwo. Ẹ mú èyí tó dá yàtọ̀. Ẹni tó kàn ń méfò á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ̀rọ̀ ìgbéraga gidi ni. Mo mọ àwọn èèyàn tó ń pariwo orúkọ bíà kan láti ìgbà èwe wọn tí wọn ò mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Nípa máàkì: àwọn adájọ́ BJCP, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985, ń fi 50 díwọ̀n bíà. Òórùn gba 12, ìrísí gba 3, ìtọ́wò gba 20, bó ṣe rí lẹ́nu gba 5, ìdájọ́ gbogbogbò gba 10. Ẹ ò rí i bí? Ẹwà ò gbà ju 3 lọ, "ó wù mí" ò sì lè kọjá 10. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé wọn ju àwọn máàkì 5 tí èèyàn ń fún bíà lórí Untappd, ètò orí fóònù kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Mo ń lo Untappd náà, ó dára fún ìrántí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn kò sọ nǹkan kan fún mi. Bíà tó le tó sì ṣọ̀wọ́n ló máa ń gba máàkì jù níbẹ̀. Lágà tó mọ́ tónítóní ló máa ń jìyà.

Máàkì sì lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Westvleteren ní Belgium, àwọn mọ́ńkì ilé St. Sixtus ń pọn ọtí kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgò rẹ̀ kò ní lébẹ́ẹ̀lì nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni wọ́n sì ti ń tà á. Ní 2005, àwọn tó ń kọ̀wé sórí ìkànnì RateBeer dìbò pé òun ló dára jù lágbàáyé. Ọkọ̀ tò gbọọrọ lójú ọ̀nà oko, ọtí tán, wọ́n ń dá èèyàn padà. Oníṣòwò mìíràn á kọ́ ilé ìpọntí kejì. Àwọn mọ́ńkì kọ̀. Àdúrà niṣẹ́ àwọn, ìwọ̀n tó máa gbọ́ bùkátà ilé ni àwọn ń pọn. RateBeer fúnra rẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ AB InBev, iléeṣẹ́ ìpọntí tó tóbi jù lágbàáyé, wọ́n sì tì í pa ní 2025. Ilé tí àwọn olólùfẹ́ bíà kéékèèké kọ́ ni bíà ńlá rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ tèmi sínú ìwé tí mo fi owó mi rà, tí n kì í sì í gba bíà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Àwọn ìbéèrè ló kù.

Bàbá kan béèrè pé ẹmu ńkọ́, ṣé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni, sà, àmọ́ ẹ kọ aago sílẹ̀, torí ẹmu àárọ̀ àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọtí kan náà. Ẹ sì kọ bóyá ẹmu ni tàbí ògùrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwúkàrà sí i. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igbá ló ń ṣiṣẹ́. Bíà kan wà ní agbègbè Brussels tí wọ́n ń pè ní lambic, irú èyí tí ilé Cantillon ti ń ṣe láti 1900. Wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ lóru kan kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú rẹ̀. Ó kan gan-an. Ẹni tó bá ti mu ẹmu ọjọ́ kejì rí kò ní sá fún un.

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì béèrè pé ṣé mo mọ ohun tí ọtí ń ṣe sí ẹ̀dọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mà. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ìjọba nílẹ̀ yìí ni pé kéèyàn má kọjá yúnìtì 14 lọ́sẹ̀ (yúnìtì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí níbí), kó sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítáòtù ìgò ńlá ti Nàìjíríà, sẹ̀ǹtílítà 60, jẹ́ yúnìtì 4.5. Ìgò mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ife kékeré tí a fẹ́ bù yìí kò tó yúnìtì kan. Ẹni tó bá wa mọ́tò wá, kó gbóòórùn rẹ̀ kó sì gbé e fún ẹnì kejì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun ń padà sí Èkó, ṣé òun máa rí irú rẹ̀ níbẹ̀? Ilé ìpọntí kékeré kan tó ń jẹ́ Bature, tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja, ní ilé ọtí ní Victoria Island. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ẹnu àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn: "Láti ìgbà tí mo ti dàgbà ni mo ti ń mu Star. Ṣé kí n jù ú nù nítorí àwọn ọmọ abẹ́ afárá yìí ni?" Rárá o, bàbá. Láti 1949 ni wọ́n ti ń pọn Star ní Èkó, lágà sì wà lára bíà tó ṣòro jù láti pọn, torí kò sí òórùn hops tàbí ọkà jíjóná tí àléébù lè fara pamọ́ sí. Ẹ mu ún lọ. Kìkì pé lálẹ́ òní, ẹ bá mi bu ú sínú gíláàsì tó mọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó níta fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sẹ́nu, kí ẹ wá kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀ láìsọ pé ó dùn. Màá fẹ́ kà á ní Sátidé tó ń bọ̀.